Omi Tí Awawou Dà Sójú Títì

Garawa kẹta ni Awawou ń dà sójú títì nígbà tí Ògúndélé tún sọ̀rọ̀.

"Ó kù lọ́wọ́ ọ̀tún," ó ní. "Níbẹ̀ yẹn. Ajá ń bọ̀."

Awawou lé ajá náà. Ó da omi tó kù sórí ẹ̀jẹ̀ tó wà létí ọ̀dà, ó sì fi ìgbálẹ̀ gbá a wọ inú iyẹ̀pẹ̀ pupa. Ògúndélé jókòó sílẹ̀ lábẹ́ igi dóńgóyárò, ó fẹ̀yìn ti igi náà, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ nà síwájú. Lábẹ́ orúnkún, ẹsẹ̀ náà yà sí ibi tí ẹsẹ̀ kì í yà sí. Kò wò ó. Títì ló ń wò.

Ní ìdílé Ògúndélé, ẹ̀jẹ̀ ènìyàn kì í dojú kọ oòrùn. Bí ẹnì kan bá ṣèṣe lóko, wọ́n á bu iyẹ̀pẹ̀ bò ó. Bó bá jẹ́ lójú ọ̀nà, wọ́n á fọ̀ ọ́ kí ẹranko tó fẹnu kàn án. Ẹ̀jẹ̀ tí a bá fi sílẹ̀ gbangba a máa pe òmíràn. Bàbá rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un, òun náà sì ti sọ ọ́ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ojú rẹ̀ là lórí ọ̀dà, kò béèrè omi mímu. Omi tí wọ́n máa fi fọ títì ló béèrè.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò gùn. Ó ń bọ̀ láti oko kájú rẹ̀ lọ́nà Ofè, ó gun alùpùpù rẹ̀ wọ àdúgbò Plateau ní Sábẹ, ó rọ̀ mọ́ apá ọ̀tún rẹ̀ bí ó ti máa ń ṣe. Bàṣé kan, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tó kó àpò kájú, ń bọ̀ níwájú. Bàṣé náà yà láti kọjá akẹ́rù kan, ó sì wọ apá ibi tí Ògúndélé wà. Gbogbo rẹ̀ nìyẹn.

François lorúkọ awakọ̀ náà. Kò sá lọ. Ó dọ̀bálẹ̀ nínú eruku, ó ń sọ pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Bàbá, mi ò rí yín." Àwọn ènìyàn ní kó dìde, kó gbé ọkọ̀ rẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà kó má baà tún pa ẹlòmíràn lára. Ó gbé e sábẹ́ ibòji. Àwọn ọkùnrin méjì gbé alùpùpù tó ti wọ́ wọ ẹ̀yìn tábìlì Awawou, níbi tó máa ń to ìgò ẹsáǹsì rẹ̀ sí.

Ẹsáǹsì, epo bẹntiróòlù láti ìhà Nàìjíríà, ni Awawou ń tà. Ṣakí ni bàbá rẹ̀ ti wá, Sábẹ ni wọ́n bí òun sí. Ìjọba kò fẹ́ ọjà náà, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó ní alùpùpù ní Plateau ló mọ tábìlì rẹ̀.

Tìmóthì dé nígbà tí títì ti ń gbẹ. Olùkọ́ ni, Mẹ́tírì ni wọ́n ń pè é, ìjọba gbé e wá láti Sakété, ó sì ti tó ọdún mẹ́rin tó ti gba yàrá kan nínú agbo ilé Ògúndélé. Ó wo ẹsẹ̀ náà. Ó wo títì.

"Ta ló fọ ibí yìí?"

"Èmi ni," Awawou wí.

"Èmi ni mo ní kó fọ̀ ọ́," Ògúndélé wí.

Tìmóthì di orí mú. "Bàbá! Kí ọlọ́pàá tó dé? Ta ló wá gbé ọkọ̀ kúrò?"

"Gbogbo wa ni," ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà dáhùn. "Ṣé kí á fi í sáàárín títì ni?"

"Ẹ ò wá fi nǹkan kan sílẹ̀ rárá?"

"A fi bàbá sílẹ̀," Awawou wí. "Gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn, Mẹ́tírì, o ń pariwo."

Tìmóthì mú fóònù rẹ̀. Ó kọ́kọ́ pe ọlọ́pàá. Ó ya fọ́tò nọ́ńbà bàṣé náà àti iwájú rẹ̀ tó ti tẹ̀ wọnú. Ó ya alùpùpù. Ó ya ẹsẹ̀. Ó gba orúkọ François àti ìwé asiráńsì ọkọ̀ náà, ó kọ gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn ìwé ọmọ iléèwé kan tó wà nínú báàgì rẹ̀. Nígbà tó ń kọ ọ́, Adérónkẹ́, ìyàwó Ògúndélé, sáré dé, gèlè rẹ̀ lọ́wọ́.

"Mo ti ránṣẹ́ sí ọkùnrin tó ń to eegun ní Ofè," ó wí. "Kó tó di alẹ́ yóò ti dé."

"Ìyá, ẹ jẹ́ kó ṣì dúró," Tìmóthì wí. "Bí ẹnikẹ́ni bá fà á kí dókítà tó rí i, kí ni dókítà máa kọ? Ìwé tí wọ́n bá kọ lónìí ló lágbára. Ti ọ̀la, wọ́n á ní ilé ló ti ṣubú."

"Ṣé ìwé ló máa wo ẹsẹ̀?"

"Ìwé ló máa gbé ẹsẹ̀ dé ibi tí wọ́n á ti wò ó."

Adérónkẹ́ wo ọkọ rẹ̀. Ògúndélé mi orí. Wọ́n gbé e.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ya fọ́tò eegun. Dókítà fi han Ògúndélé lójú iná. Eegun méjèèjì ti dá, orí ọ̀kan sì ti gun ẹ̀yìn èkejì. Ó kọ sẹ̀tífíkà, ó tẹ̀ ẹ́ lóǹtẹ̀, ó kọ ọjọ́ àti wákàtí sí i.

"Irin ló máa mú un dúró," ó wí. "Parakou ni wọ́n ti ń fi í sí i. Mo lè dè é báyìí, ṣùgbọ́n dídè kọ́ ni títò."

"Bí mi ò bá dé Parakou ńkọ́?"

"Bó bá kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, eegun á máa mú ara wọn bí wọ́n ṣe wà. Ẹ máa rìn, Bàbá. Ẹ máa rìn nínú ilé. Oko ńkọ́? Mi ò rò ó."

Oko Ògúndélé wà lẹ́yìn òkè. Alùpùpù kì í dé ibẹ̀. Ibi tí ọ̀nà bá ti parí ni ènìyàn á ti sọ̀ kalẹ̀, á gun orí àpáta, á sì máa di koríko mú. Ọdún mọ́kànlélógójì ló ti ń gun ún. Kájú ti ń pọ́n lórí igi lọ́wọ́lọ́wọ́.

Iṣẹ́ abẹ náà ju agbára wọn lọ. Asiráńsì bàṣé ló yẹ kó san án. Asiráńsì kò sì ní sọ ohunkóhun títí ìwé ọlọ́pàá yóò fi sọ ẹni tó jẹ̀bi.

Ìwé ọlọ́pàá ni kò sọ òtítọ́. Ọlọ́pàá méjì ti dé ojú títì ní ọjọ́ náà. Wọ́n bá ọ̀dà tó mọ́ tónítóní. Wọ́n béèrè ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ọwọ́ mẹ́wàá nà sí ibi mẹ́wàá. Awawou ti kó ìgò rẹ̀ sá wọ ẹ̀yìn ilé nígbà tó rí aṣọ ìjọba. François, tí ọ̀gá tó ni bàṣé ti bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ní bàbá náà ló já wọ iwájú òun láti ọ̀nà kékeré. Ohun tí wọ́n kọ nìyẹn, nítorí kò sí ohun mìíràn tí wọ́n lè kọ.

Ní ọjọ́ kẹrin, François dé pẹ̀lú àgbàlagbà méjì láti ìdílé rẹ̀. Wọ́n gbé iṣu wá àti akùkọ kan. Àwọn àgbà náà jókòó, wọ́n kí Ògúndélé kú ìrora, wọ́n sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Wọ́n ní ọmọ náà ṣì kéré. Wọ́n ní ẹjọ́ kì í dára láàárín ará ìlú kan. François dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lórí símẹ́ǹtì.

Ògúndélé gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. Oorun kò kùn ún láti ọjọ́ mẹ́ta.

"Dìde," ó wí. "Mo dárí jì ọ́."

Àwọn àgbà dúpẹ́. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn fa ìwé kan yọ lápò. "Ẹ bá wa tẹ̀ka sí i, ẹ̀gbọ́n. Kó lè hàn pé ọ̀rọ̀ ti tán."

Tìmóthì dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Ó ti kìlọ̀ fún wọn láti ọjọ́ kìíní pé kí wọ́n má ṣe tẹ̀ka síbi kankan. Kò ní láti tún un sọ.

"Ẹ̀bẹ̀ jẹ́ tiyín," Ògúndélé wí, "mo sì ti gbà á. Ẹsẹ̀ jẹ́ tèmi. Kò tíì tán."

"Ṣé ẹ ti dárí jì í, ẹ ò sì fẹ́ fọwọ́ sí i?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ìdáríjì wo nìyẹn?"

"Èyí tí mo ní nìyẹn."

Wọ́n gbé ìwé wọn. Wọ́n fi iṣu sílẹ̀. Akùkọ náà, ọ̀kan nínú wọn pa dà wá gbé e.

Adérónkẹ́ rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ náà. "Wọ́n ní iṣu tó, Bàbá Ṣeun. Akùkọ ni ti ẹni tó tẹ̀ka."

Ní ọjọ́ kẹfà, wọ́n tẹ́ ẹní sínú ẹ̀yìn tírísíkìlì tí wọ́n fi ń kó iṣu, wọ́n tẹ́ Ògúndélé sórí rẹ̀, wọ́n gbé e lọ sí kọmisáríà, àgọ́ ọlọ́pàá. Gbogbo kòtò ọ̀nà ló mọ̀. Ó kà wọ́n.

Ọ̀gá ọlọ́pàá tó gbà wọ́n jẹ́ ọkùnrin tó rẹ̀ bíi tiwọn. Ó jáde wá bá wọn nínú tírísíkìlì kí bàbá má baà sọ̀ kalẹ̀. Ó kọ ohun tí Ògúndélé sọ. Tìmóthì ní kó jọ̀ọ́ kà á padà ní Yorùbá kí bàbá tó tẹ̀ka. Ó kà á. Ibì kan wà tó kọ pé Ògúndélé ń bọ̀ "láàárín títì". Ògúndélé ní rárá, apá ọ̀tún ni. Ọ̀gá náà fa ìlà sí i, ó tún un kọ.

"Èyí jẹ́ ọ̀rọ̀ tiyín, Bàbá," ọ̀gá náà wí. "Awakọ̀ ní tirẹ̀. Ta ló rí i?"

Ògúndélé fọwọ́ tún ẹní abẹ́ rẹ̀ ṣe.

"Ibi tí ọjà pọ̀ sí báyẹn, kò sí ẹni tó rí i?"

"Mo gbọ́ ìbéèrè yín. Ẹ fún mi láyè."

Nígbà tí wọ́n ń padà lọ, Tìmóthì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ tírísíkìlì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì. "Bàbá, Awawou rí i. Òun ló sún mọ́ yín jù lọ. Kí ló dé tí ẹ ò dárúkọ rẹ̀?"

"Èmi ni mo rán an ní omi," Ògúndélé wí. "Mi ò ní tún rán an ní èyí láìbéèrè. Jẹ́ kí tírísíkìlì dúró lọ́dọ̀ rẹ̀."

Awawou ń rọ ẹsáǹsì sínú alùpùpù ẹnì kan, aṣọ ìnuwọ́ sábẹ́ apá. Ó parí rẹ̀, ó gba owó, ó wá síbi tírísíkìlì. Ó kúnlẹ̀ kí i.

"Ẹ kú ìnira, Bàbá. Mo mọ ohun tí ẹ bá wá."

"Wọ́n béèrè ẹni tó rí i."

"Èmi ni mo rí i. Mo rí i dáadáa ju bí ẹ̀yin ti rí i lọ, ẹ̀yin ń fò lókè nígbà yẹn." Kò rẹ́rìn-ín. "Bàbá, bí mo bá dé ibẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa bi mí ni pé, kí lò ń ṣe létí títì? Kí ni kí n sọ? Lóṣù tó kọjá wọ́n kó gbogbo ìgò ìyá tó wà lọ́nà ibùdókọ̀. Tábìlì yìí ni mo fi ń bọ́ ọmọ mẹ́ta."

"Mo mọ̀."

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n fọ̀ ọ́."

"Èmi ni."

"Wọ́n ní ẹni bá da omi síwájú, ilẹ̀ tútù ni yóò tẹ̀. Èmi da tèmi, iná ni mo tẹ̀." Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sí aṣọ náà. "Ṣé ẹ máa dárúkọ mi?"

"Rárá."

"Ẹ búra?"

"Mo ní rárá, Awawou."

Awawou wo ẹsẹ̀ Bàbá tó wà nínú ọ̀já. Lẹ́yìn náà oníbàárà kan fun fèrè, ó sì lọ bá a.

Ọjọ́ ń lọ. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ẹsẹ̀ wú, dókítà tún un dè. Ní ọjọ́ kọkànlá, Olúwaṣeun, ọmọ wọn, pè láti Kútọnu, ó ní òun ń wá owó. Ó máa ń wá owó. Adérónkẹ́ ń tọ́jú gbogbo ìwé oògùn àti ìwé tírísíkìlì sínú agolo mílíìkì kan, nítorí Tìmóthì ní ohun tí kò bá ní ìwé, asiráńsì á ní kò ṣẹlẹ̀. Kájú ń já bọ́ lórí àpáta. Àwọn aládùúgbò lọ ṣà á ní ọjọ́ méjì, wọ́n sì padà sí oko tiwọn.

"Orúkọ kan péré," Adérónkẹ́ wí ní ọjọ́ kẹtàlá. Ó ń fi omi gbígbóná nu àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀. "Orúkọ kan, ẹ sì máa dé Parakou."

"Kì í ṣe orúkọ mi."

"Ẹsẹ̀ yín ni."

"Mo mọ ẹni tó ni ín."

"Ẹ mọ̀ ọ́n! Ta ló máa gbé yín lọ sí ilé ìgbẹ́ ní ọdún mẹ́wàá sí i? Awawou ni?"

Adérónkẹ́ fún aṣọ náà, ó da omi nù, ó padà wá jókòó tì í.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrìndínlógún, ẹnì kan ti ọmọlanke wọ inú agbo ilé. Awawou ni. Ó fi ẹní bo ẹrù tó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ wọlé.

"Bàbá," ó wí, "abà iṣu yín yẹn, nǹkan wà nínú rẹ̀?"

"Iṣu díẹ̀."

"Ẹ bá mi gba àwọn ìgò yìí títí di ọ̀sán. Gbogbo ọjà mi ni. Mo ti to gààrí sórí tábìlì. Bí àwọn ọlọ́pàá bá tẹ̀ lé mi débẹ̀, gààrí ni wọ́n máa bá."

Adérónkẹ́ gbé ọwọ́ lé àyà. "Ẹsáǹsì? Nínú abà? Ṣé ẹ fẹ́ kí a jóná lẹ́yìn gbogbo èyí?"

"Ìyá Ṣeun," Ògúndélé wí, "pa iná ìdáná."

"Ẹ̀kọ wà lórí iná!"

"Pa á."

Ó pa á. Ó fi ìkòkò ẹ̀kọ náà sílẹ̀, ó bá Awawou gbé ìgò wọ abà, ó ń kùn, ó ń gbé e. Nígbà tí wọ́n parí, Awawou kúnlẹ̀ síwájú ẹní Ògúndélé.

"Ẹ ò dárúkọ mi," ó wí. "Mo ń retí rẹ̀ lójoojúmọ́. Ká ní ẹ dárúkọ mi ni, ǹ bá ti sẹ́. Mo ti mọ irọ́ tí mo máa pa. Ẹ kò jẹ́ kí n rí i pa. Mo ń lọ sọ ohun tí mo rí fún wọn."

Wọ́n tún gbé Ògúndélé sínú tírísíkìlì. Ó fẹ́ wà níbẹ̀.

Ní kọmisáríà, ọ̀gá ọlọ́pàá bi Awawou ní orúkọ rẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀, ibi tó ń gbé. Ó kọ ọ́.

"Kí lò ń tà létí títì?"

"Gààrí ni."

Ọ̀gá náà gbé imú sókè. Ọwọ́ Awawou wà lórí tábìlì rẹ̀. Bí ó ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ tó, òórùn náà wà níbẹ̀.

"Gààrí rẹ yìí," ó wí, "má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi sìgá sún mọ́ ọn."

Awawou fa ọwọ́ rẹ̀ sábẹ́ tábìlì. Ọ̀gá náà tẹrí ba, ó kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: oníṣòwò. Ó yí ojú ìwé. "Ó yá. Sọ ohun tí o rí."

Awawou sọ ọ́. Ó sọ akẹ́rù, ó sọ bàṣé, ó sọ apá tí bàṣé wọ̀. Ọ̀gá náà ní ẹnikẹ́ni lè sọ apá, títì kò sì ní àmì kankan.

"Èmi ni mo fọ̀ ọ́," Awawou wí. "Ẹni tó fọ nǹkan ló mọ ibi tó ti dọ̀tí. Ẹ jẹ́ ká lọ."

Wọ́n lọ. Awawou dúró sójú títì, ọ̀gá ọlọ́pàá ń dá ọkọ̀ dúró. Ó na ìka sí ibi tó da garawa kìíní sí, àti èkejì, àti ẹ̀kẹta. Gbogbo rẹ̀ wà ní apá ọ̀tún ẹni tó bá ń bọ̀ láti Ofè. Ní ibi ti èkejì, ó tẹ̀ ba, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa ọ̀dà. Ihò tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà níbẹ̀, ó gùn tó apá ènìyàn, níbi tí irin ìtẹ̀sẹ̀ alùpùpù ti ha ọ̀dà náà. Ihò bẹ́ẹ̀ pọ̀ lójú títì, kò sí ẹni tó lè dá eléyìí mọ̀ àyàfi ẹni tó ti gbá ẹ̀jẹ̀ kúrò nínú rẹ̀. Wọ́n lọ gbé alùpùpù wá. Irin náà ṣì ní ọ̀dà lẹ́nu.

Wọ́n pe François. Nígbà tó rí ihò náà, kò jiyàn. Ó yíjú sí tírísíkìlì.

"Bàbá, ẹ ní ẹ ti dárí jì mí."

"Mo ti dárí jì ọ́," Ògúndélé wí. "Kò tíì yí padà. Sọ òtítọ́ fún wọn kí n lè lọ sùn."

François sọ ọ́. Ọ̀gá náà kọ ọ́. Ní ọ̀sán, Awawou wá kó ìgò rẹ̀. Adérónkẹ́ kò dá iná títí ó fi lọ, lẹ́yìn náà ó ṣí gbogbo ilẹ̀kùn, ó sì tún ẹ̀kọ rò láti ìbẹ̀rẹ̀.

Asiráńsì gba ìwé ọlọ́pàá, sẹ̀tífíkà ọjọ́ kìíní, àwọn fọ́tò, àti gbogbo ohun tó wà nínú agolo mílíìkì. Wọ́n ní kí wọ́n dúró. Wọ́n dúró. Ọjọ́ kẹtàlélógún ni wọ́n tó la ẹsẹ̀ náà ní Parakou. Eegun ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú ara wọn, wọ́n ní láti tún un ṣẹ́ kí wọ́n tó tò ó.

Kájú ọdún yẹn jẹrà sórí àpáta. Ní oṣù kẹsàn-án, Ògúndélé mú ọ̀pá, ó gun òkè. Ó sinmi lẹ́ẹ̀mẹrin. Adérónkẹ́ ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ó dé oko, ó jókòó sídìí igi, ó wo koríko tó ti ga dé àyà.

Dókítà ní àwọn kò ní tún la ẹsẹ̀ náà láti yọ irin inú rẹ̀, nítorí ọjọ́ orí rẹ̀. Irin kan àti bùlọ́ọ̀nù kéékèèké mẹ́jọ tó dè é mọ́ eegun ló kù sínú ẹsẹ̀ náà.